Ọ̀sẹ̀ Mẹ́wàá Lẹ́yìn Tí Wọ́n Gé Moss Jẹ

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù Kejì

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí tó ṣì gbóná lára mi. Tó bá di ọ̀la, n óò ti máa wá ọ̀rọ̀ tútù fún un, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ tútù kankan níbẹ̀.

A lọ ra mílíìkì àti ọ̀dùnkún. Èmi, Maren ọmọ mi, àti Moss, ajá tí wọ́n kọ́ láti máa ṣọ́ ọ. Maren so ìgbànú rẹ̀ mọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ Moss bó ṣe máa ń ṣe, ó fọwọ́ kan di irun ẹ̀yìn ajá náà mú, ó ń kùn orin rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò lè lo ìṣẹ́jú méjì nílé ìtajà kí Moss tó dé ọ̀dọ̀ wa, òun ló ń bá mi ṣa ápù yìí.

Ajá kan yọ láti ibi tí wọ́n ń to búrẹ́dì sí. Ó tóbi bí ìkookò. Ẹ̀wù pupa ló wọ̀, wọ́n kọ AJÁ OLÙRÀNLỌ́WỌ́ sí i gàdàgbà, okùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Kí n tó lanu, ó ti bọ́ sí Moss lọ́rùn.

Moss kò jà. Wọ́n ti kọ́ ọ pé tí Maren bá wà nídìí okùn, kò gbọdọ̀ sá, kò sì gbọdọ̀ jà. Ó dúró lé ọmọ mi lórí bíi tábìlì, ajá kejì ń fa etí rẹ̀ ya, síbẹ̀ ó dúró. Àpò ọ̀dùnkún ni mo fi la ajá burúkú yẹn lórí kó tó tú u sílẹ̀.

Ẹni tó ni ín ni Candace Rusk, obìnrin tó máa ń wá gba ẹrù nílé ìfìwéránṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó rìn wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kọ́fí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè, ẹ má bínú o. Ọmọ dáadáa ni Duchess. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

Mo ní, "Ta ló kọ́ ajá yìí níṣẹ́?"

"Èmi fúnra mi ni. Ó máa ń fọkàn mi balẹ̀."

Mo yíjú sí máníjà. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Màdáámù, ẹ̀wù wà lọ́rùn ẹ̀. Tí mo bá bèèrè, wọ́n á ní mò ń fi aláìlera ṣẹ̀sín. Èwo ni tòótọ́, èwo ni ayédèrú, báwo lèmi ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ẹ̀jẹ̀ Moss wà lórí ápù. Ẹnìkan ti ń nu ilẹ̀ kí a tó jáde, bí ẹni pé obẹ̀ ló dà. Ìríra tó bá mi, mi ò tíì mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

Maren kò sunkún. Ó fọwọ́ di etí méjèèjì, ohùn kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ títí a fi délé.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Kejì

Ibi mọ́kànlá ni dókítà ẹranko ti rán an. Ìdajì etí òsì ti lọ. Dókítà ní ara á san. Mo bi í pé ọkàn ńkọ́. Ó ní ìyẹn ò sí lábẹ́ abẹ́rẹ́ òun.

Òtútù ti dé ìwọ̀n mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nísàlẹ̀ òdo. Ọkọ̀ kò fẹ́ dáná. Maren dùbúlẹ̀ lórí ẹní Moss lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, kò jẹun.

Ọjọ́rú, 7 oṣù Kejì

Candace wá gba páálí. Ó mú Duchess dání, ẹ̀wù pupa náà sì tún wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó ní, "Báwo ni ajá yín? Mo ti ń gbàdúrà fún un. Àmọ́ kí n sòótọ́, tiyín náà ló kọ́kọ́ wo Duchess lójú."

Ènìyàn márùn-ún ló tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá mi ń wò mí. Mo ní, "Ẹ fọwọ́ sí ibí yìí." Ó fọwọ́ sí i. Ó ní kí Ọlọ́run bù kún mi. Nígbà tó jáde, mo fi oògùn apakòkòrò nu káńtà náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Kejì

Ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ Moss ní kí a dán an wò díẹ̀díẹ̀. Mo mú Moss dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ṣáá ni. Ilẹ̀kùn là fúnra rẹ̀. Moss jókòó, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì tọ̀ sára. Ajá tí kì í tọ̀ láìgba àṣẹ! Obìnrin kan tó ń kọjá yọ fóònù, ó ń ya á. Ó ní, "Ó mà rẹwà o!" Ṣíọ̀.

Ọjọ́rú, 21 oṣù Kejì

Wọ́n pè mí láti ilé ìwé ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Olùrànlọ́wọ́ kíláàsì ní òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ìbọ̀wọ́ ni. Ìgbà tí òun gbójú sókè, Maren ti kọjá géètì.

Èyí kì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí Moss wà nílé ìwé pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá fẹ́ sáré, Moss á jókòó gbọin-gbọin, ìgbànú á fà á padà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ni Moss ti wà nílé, ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ni mo sì ti ń sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé kí wọ́n ti géètì yẹn.

Mo fi ọwọ́ òfìfo sáré jáde, láìsí kóòtù. Mo pe Wes, ọkọ mi. Orí katakata tó fi ń kó yìnyín lójú títì ló wà. Ó pe àwọn tó kù lórí rédíò, gbogbo wọn pín ìlú láàárín ara wọn. Ẹni tó wà lórí afárá ló rí jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé Maren nísàlẹ̀, lórí odò.

Odò ti dì, àfi apá ìsàlẹ̀ afárá níbi tí omi ti ń yára. Maren ń lọ síbẹ̀ tààrà. Ó fẹ́ràn omi tó ń dán. Mo fẹ́ kígbe, ọlọ́pàá kan di ẹnu mi mú, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, nítorí tí a bá pè é, á sáré.

Wes dojú bolẹ̀ lórí yìnyín. Ọkọ mi, ọkùnrin tó sanra tó yẹn. Ó ń fàyà fà bí ejò, ó sì ń kùn orin Maren, orin aláìlọ́rọ̀ yẹn, ó ń kùn ún ṣáá. Maren dúró. Ó yíjú. Ó rìn padà wá bá a, ó sì jókòó lé e lẹ́yìn bí ẹni tó gun ẹṣin. Báyẹn ni ó ṣe fàyà fà padà, tòun tọmọ.

Nínú ọkọ̀, mo ní, "Wes."

Ó ní, "Má bá mi sọ̀rọ̀. Tó o bá bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, màá sunkún, mi ò sì ní ríran wakọ̀."

Ọ̀gá ilé ìwé tẹ̀ mí láago ní ìrọ̀lẹ́. Ohùn dídùn. Ó ní, "Ó dùn wá gan-an. Ṣé ajá yẹn ò tíì gbádùn ni?" Bí ẹni pé Moss ló fi géètì sílẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀ kí n má bàa bú u. Mo sì ti bú u báyìí, nínú ìwé yìí, ní gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù Kẹta

Verna wá láti ilé ẹ̀kọ́ ajá. Òun ló kọ́ Moss láti kékeré, òun náà ló fi okùn rẹ̀ lé Maren lọ́wọ́ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ti tó ọmọ àádọ́rin ọdún, kò sì ní àsọdùn lẹ́nu. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ọgbà eré họ́kì la lọ. Ó mú ajá tirẹ̀ kan dání, arúgbó ajá tí kò lè pa eṣinṣin.

Ó kù bí ogún ìṣísẹ̀ kí wọ́n pàdé, Moss bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde. Verna yí padà, ó tún wá láti apá kejì. Ó kùn. Ó wá lẹ́ẹ̀kẹta, Moss fò sí i, ó fa okùn bọ́ lọ́wọ́ mi.

Verna lóṣòó síwájú rẹ̀ pẹ́. Ó ń fọwọ́ pa ibi tí etí rẹ̀ ti tán. Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ náà lọ́rùn rẹ̀, ó ká a, ó fi í sínú àpò.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún gbìyànjú lóṣù tó ń bọ̀."

"Colette, ajá tó bá ń bẹ̀rù ajá kò ṣeé so mọ́ ọmọ. Ọjọ́ tó bá sáré, á wọ́ ọ sábẹ́ mọ́tò."

"Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sódò láìsí i!"

"Mo gbọ́. Mo ti kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún òmíràn. Ọdún méjì ni, bóyá mẹ́ta." Ó nu imú. "Kó máa bá yín gbé bí ajá ilé. Ó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀, ó ṣe é dáadáa. Àmọ́ ìta, láàárín èèyàn, rárá. Ṣé o gbọ́ mi? Rárá ni mo wí."

Ọdún méjì ni wọ́n fi kọ́ ajá yẹn. Obìnrin kan fi kọ́fí lọ́wọ́ bà á jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù Kẹta

Maren wá ẹ̀wù náà títí. Ó tú gbogbo àpótí tó wà nílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kẹta

Páálí mi dé. Èmi fúnra mi ni mo ṣà á láàárín àwọn tó kù, èmi ni mo fọwọ́ sí i, èmi ni mo fi í fún ara mi. Dọ́là mọ́kàndínlógójì. Wọn ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi àyàfi bí ọrùn ajá náà ṣe tó.

Ẹ̀wù pupa ni. Lẹ́tà kan náà bíi ti Duchess. Wọ́n tún fi káàdì kan sí i tó ní àmì bíi ti ìjọba, ibi tí màá ti lẹ àwòrán Moss mọ́. Mo wò ó nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi iṣẹ́. Mi ò dá a padà.

Mi ò tíì sọ fún Wes.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù Kẹta

A lọ ilé ìkàwé. Kò sẹ́ni tó bèèrè nǹkan kan. Moss dùbúlẹ̀ lé Maren lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, Maren ṣí ìwé àwọn ẹja fún odidi wákàtí kan, ó ń kùn. Kò sí ajá mìíràn níbẹ̀, nítorí náà kò sí wàhálà. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, kó wá wo ojú ọmọ mi lónìí.

Wes rí ẹ̀wù náà nígbà tí a wọlé. Ó ní, "Kí nìyẹn?"

Mo ní, "Ẹ̀wù."

Ó wò mí títí, ó lọ fọ abọ́. Ó fọ èyí tó ti mọ́ pẹ̀lú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù Kẹta

Mo ti kọ ojú ìwé yìí, mo ti fà á ya lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé oògùn ni. Mo ti yọjú wò ó kí a tó wọlé, mi ò rí ajá kankan. A ti dé ìdí káńtà nígbà tí ọ̀gbẹ́ni kan yọ láti ẹ̀yìn pẹpẹ. Bàbá arúgbó, ojú rẹ̀ ti fọ́, ajá tó ń mú un rìn wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ajá náà pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò tilẹ̀ wo Moss.

Moss fò.

Maren wà nídìí okùn. Ó fà á ṣubú, ó wọ́ ọ lórí ilẹ̀ fún nǹkan bí ìṣísẹ̀ méjì, gẹ́gẹ́ bí Verna ṣe wí. Mo ṣubú lé Moss, mo di ẹnu rẹ̀ mú. Eyín rẹ̀ kò kan ajá kejì, ó ku ìwọ̀n ìka kan. Ṣùgbọ́n ajá náà ti fò sẹ́yìn, ó gbá bàbá náà lórúnkún, bàbá náà sì fara gbá pẹpẹ. Ìgò oògùn ń já lulẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá okùn nínú afẹ́fẹ́, kò rí i, ó ń sọ pé, "Hazel? Hazel, ibo lo wà?"

Nígbà tó rí okùn mú, ó yíjú sí ibi tí èémí mi wà. Ó ní, "Ajá iṣẹ́ ni tiyín?"

Ẹnu mi là, mo sì gbọ́ ohun tó jáde. "Ẹ má bínú, sà. Ọmọ dáadáa ni. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

Ọlọ́run mi.

Ó tún bi mí. "Mo ní, ṣé ajá iṣẹ́ ni?"

Maren ń pariwo, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Gbogbo ojú tó wà nínú ilé oògùn wà lára mi, mo sì mọ ojú náà dáadáa, nítorí èmi náà ti fi í wo ènìyàn rí. Mo ní, "Rárá, sà. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo fi ẹ̀wù pa irọ́ ni."

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ wá orí Hazel, ó ń pa á lára títí ajá náà fi yé gbọ̀n. Mo gbé ọmọ mi, mo fa ajá mi, a jáde. Mi ò ra oògùn náà.

Mo bọ́ ẹ̀wù náà lọ́rùn Moss lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù Kẹta

Mo fi sísọ́ọ̀sì gé ẹ̀wù náà wẹ́wẹ́. Wes dúró tì mí.

Mo ní, "O mọ̀, o ò sì sọ nǹkan kan."

Ó ní, "Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí ẹ ti ilé ìkàwé yẹn dé, Colette. Èmi náà fẹ́ kó jẹ́ òótọ́." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìtìjú wa ni, àwa méjèèjì. Má dá a gbé."

Mo pe Verna. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ. Ìwọ tó o rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Moss."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, mi ò ní bínú tó báyìí. Wọn ò mọ̀. Ìwọ mọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa á gbọ́. Bóyá wọ́n á pa orúkọ yín rẹ́, bóyá wọn ò ní pa á rẹ́. Mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún ọ."

Mo ní mi ò ní kí ẹ bẹ̀bẹ̀. Ó ti gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù Kẹta

Mo lọ sílé bàbá náà. Anselm Fehr lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Ilé oògùn ló bá mi pè é, ó sì gbà kí n wá.

Kò fún mi ní tíì. Ó jókòó, Hazel wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ajá náà dìde, ó lọ sẹ́yìn àga. Òórùn Moss wà lára mi.

"Ọjọ́ méjì ni Hazel kò fi lè kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn," ó wí. "Mo jókòó síbí fún ọjọ́ méjì. Mi ò lè ra búrẹ́dì. Mò ń rò ó pé, tí Hazel tó jẹ́ ojú mi yìí bá tún fọ́ ńkọ́? Mo ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ọmọ mi. Wọn ò ní fún mi ní òmíràn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa Maren, nípa odò. Ó gbọ́ ọ dópin.

Ó ní, "Ó dùn mí. Èmi náà tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún ẹ pé kò burú, torí ó burú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lọ́jọ́ kẹta, Hazel gbìyànjú, ó sì kọjá. Ìyẹn ni mo fẹ́ kó o mọ̀. Máa lọ sílé."

Ilẹ̀ ti ń yọ́. Gbogbo ìlú ń rùn. Ìgbẹ́ ajá tó ti wà lábẹ́ yìnyín láti oṣù Kọkànlá ti yọjú níwájú ilé kálukú, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé òun ló ni ín.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹrin

Candace wà ní káńtà. Òun nìkan, kò sí Duchess. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo gbọ́ o. Wọ́n ní ìwọ náà ra ẹ̀wù. Ṣebí ọ̀kan náà ni wá."

Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ ilé oògùn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan náà ni wá. Mo ti gé tèmi. Ìgbà wo lo máa gé tìẹ?"

Ẹ̀rín rẹ̀ lọ. Ó ń fọwọ́ yí gègé tí wọ́n fi ń fọwọ́ síwèé. Ó ní, "Àtìgbà tí ọkọ mi ti kú, mi ò lè dá wọ ibi tí èèyàn pọ̀ sí. Mo dúró sínú ọkọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lónìí kí n tó wọlé yìí."

Mi ò fẹ́ mọ̀. Mo fẹ́ kó máa jẹ́ obìnrin tó mú kọ́fí lọ́wọ́ yẹn nìṣó. Ìríra rọrùn ju àánú lọ, kì í gba iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ẹni.

Mo ní, "O sì ti wọlé láìsí Duchess." Mo gbé páálí rẹ̀ fún un. Kò sọ pé òun á gé e. Kò sì ní kí Ọlọ́run bù kún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Kẹrin

Ìgbìmọ̀ ti sọ tiwọn. Wọn ò pa orúkọ wa rẹ́. Wọ́n fi ọdún kan kún ìdúró wa. Nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, Verna fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ. Wọ bàtà rọ́bà. Mú ọmọ náà dání."

Ilé ìwé ti ra àgádágodo fún géètì. Oṣù méjì ló gbà wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù Kẹrin

Mo rò pé ìdáríjì ló pè mí fún. Ṣọ́bìrì ló fi lé mi lọ́wọ́.

Ajá mẹ́rìndínlógún ló wà lọ́gbà wọn. Gbogbo ìgbà òtútù ni yìnyín fi bo ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀, ó ti yọ́ tán báyìí, ó ti di ẹrẹ̀ kan báyìí tí mi ò ní ṣàpèjúwe. Ó wọ bàtà mi. Ó ta sí mi lágbárí, mi ò mọ bó ṣe débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo dúró mí, òórùn náà wọ inú ẹnu mi, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó o.

Verna ń gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá pẹ̀lú ọmọ ajá kan. Ó ní, "Ṣé ó ń rùn?"

Mo ní, "Ó ń rùn, mà."

"Ó dáa. Bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń rí nìyẹn kó tó kan ẹ̀wù."

Maren wà nínú ọgbà pẹ̀lú mi. Ọgbà náà yí i ká, kò síbi tó lè sá lọ, kò sì gbìyànjú rẹ̀. Moss wà nílé lọ́dọ̀ Wes. Mo ti ń bẹ̀rù bó ṣe máa rí, ṣùgbọ́n ó ń rìn tẹ̀lé ojú ọ̀nà ṣọ́bìrì mi ní ìṣísẹ̀ méjì méjì, ọwọ́ rẹ̀ wà létí, ó ń wo ilẹ̀ gan-an bí ọ̀gá àwọn agbálẹ̀.

Ní aago mọ́kànlá, mo na ẹ̀yìn. Ó ti tán. Mo ní, "Ó parí! Maren, ìyá ẹ ti ṣe é parí."

Ọmọ mi, tí kò tíì sọ odindi ọ̀rọ̀ kan láti oṣù Kejì, mú ọwọ́ kúrò létí. Ó na ìka sí igun ọgbà, lábẹ́ páìpù omi.

Ó ní, "Ó ku ìyẹn."

Mo lọ kó o.